Ìkúnlẹ̀ Tó Lé Àwọn Àgbà Wọ Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Mo ti rí àgbàlagbà tó sá fún ejò, mo ti rí èyí tó sá fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n Mowe ni mo ti kọ́kọ́ rí àgbàlagbà tó ń sá fún ẹ-káàsán. Nínú oṣù kẹjọ ni, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa yá fún káńpù àwọn ọmọdé. Àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta tí wọ́n wé gèlè gọngọ ń ti ara wọn wọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé kó fa ìró rẹ̀ wọlé kí wọ́n má baà rí i láti ìta. Ohun tó ń bọ̀ tí wọ́n ń sá fún kò ju ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì sábẹ́ abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ẹni tí yóò kí.

Àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin nígbà náà. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ ju ilé lọ ní Mowe, bí mọ́tò bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́síprẹ́ẹ̀sì, gbogbo wa la máa jáde wo ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Mi ò tíì ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì ní ọkọ, ohun kan ṣoṣo tí mo ní lọ́pọ̀ yanturu ni ìbínú. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi sọ mí di àǹtí yàrá àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ni àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù. Irọ́ pátápátá ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò bẹ̀rù ẹnì kankan láyé.

Ọdún yẹn ni Pásítọ̀ wa dúró lórí pẹpẹ tí wọ́n ní káńpù wa kò tíì pé. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà nínú ìjọ tí ojú wa kì í tó àyàfi lọ́jọ́ ìkórè: ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Lọ́dún yìí, gbogbo wọn ló ń bọ̀. A pariwo "Halelúyà!" títí páànù òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni kálukú wá ń wo ẹnìkejì rẹ̀, pé ta ni yóò lọ mú wọn wá. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ mú ti Ibafo.

Káfíńtà ni bàbá ọmọ náà, ará apá Ọ̀ṣun tó ti ń gbé yàrá kan ní Ibafo tipẹ́. Etí ẹ́síprẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa ń to bẹ́ẹ̀dì àti àga tí wọ́n bá kàn sí, kí àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ lè rí i. Ìyá ọmọ náà ń tajà l'Ékòó, alẹ́ ló ń wọlé. Lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ nílé ni ọmọ náà ti dàgbà, ìgbà tí agbára ìyá àgbà kò gbé e mọ́ ni wọ́n mú un wá sí Ibafo. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Ní ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi irin dè é lẹ́sẹ̀ méjèèjì láti itan dé inú bàtà, irin náà sì ní òrùka kan ní orúnkún. Bí òrùka bá wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á le gbagidi, ọmọ á lè dúró, á lè fi ọ̀pá rìn. Bó bá fẹ́ jókòó tàbí kó kúnlẹ̀, á fa òrùka sókè, irin á dún kó!

Mo ṣàlàyé káńpù fún káfíńtà. Wọn ò tiẹ̀ dúró lẹ́nu ayùn tí wọ́n ń fà.

"Àǹtí," ni wọ́n wí, "sukúù kan wà ní Ifọ̀ tó ní àwọn máa gbà á ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Àbúrò mi obìnrin ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ó dáa, ẹ mú un lọ. Tó bá lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán lọ́dọ̀ yín, tí ẹnì kankan ò dá a padà fún mi, á lọ sí sukúù. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, kò ní kúrò nílé yìí mọ́, ẹ má sì bá mi sọ̀rọ̀ sukúù mọ́ láé. Ọmọ mi kì í ṣe pákó tí wọ́n á máa gbé wò kiri, kí wọ́n tó wá sọ pé kò bá a mu."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí kan nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn fa òrùka méjèèjì sókè, kó, kó, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ kú àtijọ́. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Mo ní kó dìde, kò dìde. Mo tún ní kó dìde. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọpọlọ mi tó ta jí: ọmọ náà lè kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún ni yóò gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń darí káńpù náà. Bàbá kan láti Ifọ̀ ni, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Gáàdì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń fun fèrè kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè wọ́n ní Bàbá Gáàdì. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo ohun tí a ó ṣe sí ojú pátákó, wọ́n fi wákàtí sí i, wọ́n so fèrè mọ́rùn. Bí èèyàn bá pẹ́ dé ibi oúnjẹ, wọ́n á ní ọkọ̀ ti lọ. Èèyàn á máa wo oúnjẹ níwájú rẹ̀ kòrókòró, ọkọ̀ ti lọ náà nìyẹn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí mo ṣe to àwọn ọmọbìnrin mi láti yàrá wọn lọ síbi oúnjẹ, ìlà gún régé, inú mi dùn sí ara mi. Ọmọ káfíńtà ló wà níwájú, torí mo fẹ́ kí gbogbo ìlà máa rìn bí ó bá ṣe lè rìn. Ọgbọ́n gidi lèmi pè é. Ẹni àkọ́kọ́ tí a pàdé ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Kó, kó. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Gbogbo ìlà dúró.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ìkíni kì í tán níbi tí ọmọ ti kúnlẹ̀. Àgbà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kó bi í nípa àwọn òbí rẹ̀, kó ṣàdúrà, kó tó ní kó dìde. Bí ó ṣe tún jẹ́ pé irin ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó kúnlẹ̀ yìí, àánú rẹ̀ ṣe bàbá géètì, wọ́n fi kún àdúrà náà. Wọ́n ní kí ó dìde, wọ́n rántí pé kò lè dìde, wọ́n gbé e, ẹsẹ̀ tún yẹ̀ torí òrùka kò tíì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gbé e, òrùka há wọn níka, wọ́n kígbe. Nígbà tí a fi máa kúrò níbẹ̀, Ìyá Olóúnjẹ ló kàn.

Ìyá Olóúnjẹ ni olórí àwọn ìyá tó ń dáná fún wa, obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ṣíbí ọbẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ki ṣíbí bọ abíyá kí wọ́n lè gbé ọmọ náà dìde, ọbẹ̀ sì ń kán sí wọn lára bùbá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá mẹ́ta tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kí ọmọ náà kí wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá àgbà mi ní ìkíni àkópọ̀, àìkíni ni," ló wí. Ó kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a dé ìdí oúnjẹ, àkàrà ti tutù, ẹ̀kọ ti dì gbagidi, Bàbá Gáàdì sì dúró pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. "Ọkọ̀ ti lọ!" ni wọ́n wí. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí i pé àgbà ni, ó sì fa òrùka.

Kì í ṣe pé Bàbá Gáàdì burú o. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n bá ọmọkùnrin kan tó jẹ́ adití pàdé. Wọ́n fun fèrè fún un kó wá jẹun, kò mira. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fun ún sí i létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí àkàrà, ọmọ náà kàn ń wò wọ́n pé kí ló ń ṣe bàbá yìí. Ìgbà tí a ṣàlàyé fún wọn, wọn ò bínú. Wọ́n wọ inú yàrá wọn lọ, wọ́n mú àsíá méjì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè jáde, pupa àti aláwọ̀ ewé. Láti ọjọ́ náà, bí aláwọ̀ ewé bá gòkè, ẹ lọ jẹun. Bí pupa bá gòkè, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọ adití náà sì wúlò fún wa lọ́nà kan tí a kò rò, torí pé òun nìkan ni kì í di ojú nígbà àdúrà. Ó fi ọwọ́ júwe fún wa pé bí òun bá di ojú, òun ò ní mọ̀gbà tí àdúrà parí. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo "Àmín", òun ló máa ń nàka sí ẹni tó yọ ẹran nínú àwo ẹlòmíràn. Ẹran jíjí dópin ní káńpù wa, àwọn àgbà pàápàá ń fi ojú kan ṣọ́ra.

Ti adití rọrùn, àsíá ló gbà. Ti ọmọ káfíńtà kò ní àsíá. Ní Túsìdè, gbogbo wa la pè é, tí a bẹ̀ ẹ́. Bàbá Gáàdì sọ̀rọ̀ bí bàbá sí ọmọ. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ dára púpọ̀, Ọlọ́run rí ọkàn rẹ̀, kò pọn dandan kó máa kúnlẹ̀ mọ́, kó máa dúró kí wa. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá," ló wí. Kó, kó. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bí kó kó yẹn bá dún lápá ibi kan, ẹ ó rí i bí àwọn tó lọ́lá ṣe ń pòórá. Bàbá géètì á wọ inú ilé ìyàgbẹ́, wọn ò ní jáde. Àwọn ìyá á wọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Olóúnjẹ ò lè sá torí ara wọn wúwo, wọ́n á kàn kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á bẹ orí bọ inú ìkòkò bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sí i. Ọmọ náà á dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú sùúrù títí èéfín á fi lé wọn jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Mowe lọ́sẹ̀ yẹn, àgbà pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n abẹ́ ewé ni gbogbo wọn wà.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Gáàdì pe àwa tíṣà àti àwọn ìyá jọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ dáadáa ni," ni wọ́n wí. "Dídáa ẹ̀ gan-an ló ń pa wá. Láti Mọ́ńdè, kò sí nǹkan kan tó bọ́ sí táìmù. Bíbélì kúìsì tó yẹ ká ṣe láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ la ṣe é. Ó ti ń rẹ àwa náà, ó sì ń rẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e padà fún bàbá ẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́la, èmi fúnra mi á fi mọ́tò ìjọ gbé e lọ sí Ibafo."

Àwọn kan ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́. Orí tèmi gbóná. Mo rí káfíńtà lójú mi bí wọ́n ṣe ń fa ayùn tí wọn ò wojú mi. Mo dìde dúró.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí o. Bàbá ọmọ yẹn ti sọ fún mi pé tá a bá dá a padà, kò ní lọ sí sukúù tó ń dúró dè é ní Ifọ̀. Ilé ló máa jókòó sí. Ṣé ẹ fẹ́ ká máa sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run pé ọmọ kan ò kàwé láyé ẹ̀ torí pé ó kí wa?"

Bàbá Gáàdì fi fèrè gbá àtẹ́lẹwọ́.

"Kí la ó wá ṣe? A ní kó má kúnlẹ̀, ó ń fi ìkúnlẹ̀ dúpẹ́."

"Ó ń kúnlẹ̀ torí ó rí i tí àwọn yòókù ń kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn ṣíwọ́! Kí ọmọ kankan má kúnlẹ̀, kí ọmọ kankan má dọ̀bálẹ̀ nínú káńpù yìí títí a ó fi túká. Kí gbogbo wọn máa dúró kí wa."

Ìbínú ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ọgbọ́n. Ìyá Olóúnjẹ ká ọwọ́ lérí. "Háà! Ọmọ Yorùbá? Nínú ilé Ọlọ́run?" Ṣùgbọ́n mo rí ojú Bàbá Gáàdì, ó ti ń tàn. Wọ́n ń ṣírò bí ìlà oúnjẹ yóò ṣe máa yá bí ẹnì kankan kò bá dúró kí ẹnì kankan.

"Ká gbìyànjú ẹ̀ wò," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, wọ́n kéde òfin náà. Àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ fi mú àwọn ni. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká rìn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gáàdì. Ó dúró ṣánṣán. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, báwo ni?"

Fèrè jábọ́ lẹ́nu Bàbá Gáàdì. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rántí pé àwọn ló ṣòfin. "Dáadáa ni," ni wọ́n dáhùn.

Nǹkan bàjẹ́ láti ibẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àwọn ọmọ ti ń juwọ́ sí àwọn àgbà láti orí ẹní tí wọ́n sùn sí. Àwọn kan ń na ọwọ́ sí tíṣà wọn kí wọ́n bá àwọn bọwọ́. Ọmọbìnrin kan nínú yàrá mi gbé èjìká kan sókè fún Ìyá Olóúnjẹ, ó ní, "Ẹ ńlẹ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ bù ú kó kún o." Ìyá Olóúnjẹ gbé ṣíbí dúró lófuurufú. Mo rò pé wọ́n máa sọ ọ́ mọ́ ọn.

"Mo ti gbọ́ òfin yín," ni wọ́n wí. "Ìrẹsì á tẹ̀ lé òfin. Ẹran ò sí nínú òfin."

Àwọn tó ṣòfin gan-an ni òfin wá ń ni lára. Bàbá géètì jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀, kò sí ọmọ kan tó bi àwọn pé ṣé àwọn jí ire.

Ọmọ káfíńtà ńkọ́? Èmi ni mo lọ ka òfin náà fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Àǹtí, ṣé wọ́n máa na ẹni tó bá kúnlẹ̀ ni?"

"Rárá o."

"Ṣé wọ́n máa lé e lọ sílé?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà." Kó, kó.

Òun nìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ọmọ káńpù tó ń kí àgbà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ayé sì yí padà bìrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ kó kó lápá ilé ìdáná, mo wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, Ìyá Olóúnjẹ ló sáré jáde, wọ́n ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ọmọ mi, èmi nìyí o! Ibí ni mo wà!" Àwọn ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà gbé ìsasùn sílẹ̀, wọ́n to ara wọn jọ. Bàbá géètì fi géètì sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, Bàbá Gáàdì ti nu Bíbélì kúìsì kúrò lójú pátákó, wọ́n kọ "Ìkíni" sí i, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kí ọmọ náà kọ́kọ́ kí torí àwọn ni olùdarí. Ìyá Olóúnjẹ ní ta ló ń bọ́ olùdarí? Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Ní ti òrùka irin, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n tì bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Inú mi dùn, mo sì ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé òfin tí mo fi ìbínú ṣe ló ṣe iṣẹ́ tí mi ò rán an. Ó ku ọjọ́ kan péré kí ọ̀sẹ̀ pé. Ifọ̀ ti di tiwa.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ náà ni káfíńtà gbé àga wá fún oníbàárà kan ní Mowe, wọ́n sì ní kí àwọn yà wo ọmọ àwọn. Kò sẹ́ni ní géètì láti sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró, bàbá géètì wà lórí ìlà ìkíni. Bí wọ́n ṣe wọlé, ẹ wo ohun tí wọ́n rí: ọmọ wọn wà nílẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà rọ̀gbà yí i ká, kò sí èyí tó gbé e. Bàbá kan dúró lé e lórí, ó ń ju ọwọ́. Àwọn ọmọdé sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń pariwo "Báwo ni!" Ẹ̀yin náà, bó bá jẹ́ ọmọ yín, kí lẹ máa rò?

Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀.

"Ó tó!" ni wọ́n kígbe. "Mo ti sọ ọ́! Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Ẹ wá fi ọmọ mi ṣe ìran!"

Mo sáré kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀—" Wọ́n yà fún mi, wọ́n kọjá. Bàbá Gáàdì ti di ojú nínú àdúrà, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kankan wọlé. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ wọn, ohùn wọn sì yí padà, ó rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Dìde, ká máa lọ sílé."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá. Ọmọ náà sọ ara rẹ̀ di wúwo, kò gbà kí wọ́n gbé òun.

"Bàámi, ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́, mi ò ṣubú. Mò ń kí wọn ni. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lọ́wọ́, wọn ò tíì parí ẹ̀."

"Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ pé kó o má yọ ara ẹ lẹ́nu?"

"Tí mo bá dúró, pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń kí mi," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n á ní pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì máa lọ. Tí mo bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní màá dàgbà. Wọ́n á ní màá ṣe orí ire, màá kọ́lé, màá fẹ́ ọkọ gidi. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ yòókù nìyẹn."

Bàbá Gáàdì la ojú. Ìyá Olóúnjẹ fi etí ìró nu ojú, wọ́n sì ń fi ṣíbí lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn kí wọ́n má pariwo. Mo sunkún, mi ò ní parọ́, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi bẹ káfíńtà, kò sẹ́ni tó rántí pé kó ní kí n dìde.

Káfíńtà fi ọmọ náà sílẹ̀. Wọ́n dìde dúró díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi sí, wọ́n dá a padà sétí. Wọn kì í ṣe ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, àfi tí èèyàn bá wá ra bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí.

"Wàá..." ni wọ́n wí. Ó há síbẹ̀. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. "Wàá..."

"Dàgbà," ni Ìyá Olóúnjẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. "Wàá dàgbà."

"Wàá lọ sí sukúù ní Sẹ̀tẹ́ńbà," ni káfíńtà wí.

"Àmín!" ni gbogbo wa kígbe, kí a tó rí i pé kì í ṣe àdúrà. Bàbá Gáàdì kígbe tiwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ náà láti gbé e. Kò na tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

"Ó kù, Bàámi," ló wí. "Ẹ ò tíì sọ àwọn tó kù."